Ajá Tí Wọ́n Bí Fún Orí Òkè

Ó ti lé ní igba ọdún báyìí tí ọkùnrin kan tó ń da ẹran lọ sọ́jà fi okùn fa ajá kan kọjá lọ́dọ̀ James Hogg, olùṣọ́ àgùntàn ní àfonífojì Ettrick, ní gúúsù Scotland. Ajá ọ̀hún gbẹ, ebi ti han án léèmọ̀. Ọwọ́ ọmọdékùnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni adaran náà ti rà á ní ṣílè 3. Hogg tẹjú mọ́ ọn, ó rí i pé ojú rẹ̀ le koko, àmọ́ ó jọ pé ọgbọ́n wà nídìí líle náà. Ló bá san gínì kan, ìyẹn ṣílè 21, ó gba okùn. Ajá náà kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pé ọmọ ọdún kan, kò sì tíì yí àgùntàn kan ṣoṣo padà rí láyé rẹ̀.

Sirrah lorúkọ rẹ̀. Hogg (1770–1835), tó di akéwì àti òǹkọ̀wé tí gbogbo Scotland mọ̀ nígbà tó yá, ló kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní gbàrà tí Sirrah ti mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa da àgùntàn, àti pé iṣẹ́ náà ń tẹ́ ọ̀gá òun lọ́rùn, gbogbo ara ló kó sí ẹ̀kọ́. Ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé mọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe ajá tí ènìyàn lè kẹ́. Ó máa ń rojú, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ pa òun lára, bẹ́ẹ̀ ni ìyìn kò tà létí rẹ̀. Iṣẹ́ ló fẹ́.

Lóru ọjọ́ kan, lásìkò tí wọ́n ń já àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn lẹ́nu ọmú, nǹkan bí 700 nínú wọn bẹ́ gìjà mọ́ Hogg lọ́wọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí, wọ́n forí lé orí òkè. Òun àti ọmọ tó ń ràn án lọ́wọ́ sá síwá sá sẹ́yìn, kò ran nǹkan kan. Òkùnkùn ṣú débi pé Hogg kò rí ajá rẹ̀. Ó kàn ké sí i pé gbogbo wọn ti lọ o, Sirrah sì wọ inú òru lọ ní tirẹ̀. Àwọn méjèèjì wá gbogbo orí òkè títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọn ò rí àgùntàn, wọn ò rí ajá. Ìgbà tí wọ́n ń padà lọ jẹ́wọ́ fún ẹni tó ni ẹran ni wọ́n rí agbo kan nísàlẹ̀ kòtò jíjìn tí wọ́n ń pè ní Flesh Cleuch, tí Sirrah dúró síwájú wọn, tó ń wò yíká bóyá ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Wọ́n rò pé ìpín kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Gbogbo wọn ni. Ẹyọ kan kò dín. Títí Hogg fi kọ ìtàn náà, kò yé e bí ajá kan ṣe kó ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ láàárín òru.

Ìtàn yìí ni àwọn olólùfẹ́ ajá máa ń sọ jù. Ó dà bíi pé ti Hector, ọmọ Sirrah, wúlò jù ú lọ fún ẹni tó fẹ́ gbé pẹ̀lú irú ajá bẹ́ẹ̀. Tí Hector bá ti wà nínú ilé, ológbò ilé niṣẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí ológbò bá dìde níhìn-ín tó lọ sọ́hùn-ún, Hector á tẹ̀ lé e, á lúgọ, á sì tẹjú mọ́ ọn láìmira títí wọ́n á fi pè é kúrò tàbí títí oorun á fi gbé e lọ. Kò pa ológbò náà lára rí. Oúnjẹ kò sì jẹ ẹ́ lógún. Ìgbà míì, àfi kí wọ́n gbé ológbò wá síbi àwo rẹ̀ kí owú tó mú un jẹun. Hogg tún ṣàròyé pé tí òun bá ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ni Hector máa ń bá òun gbè é, tí ojú á sì máa ti òun.

Ẹni tó ń gbé nílùú ńlá lónìí, tó ra ọmọ ajá Border Collie, ìyẹn orúkọ tí irú ajá yìí ń jẹ́ báyìí, fún àwọn ọmọ rẹ̀, ti pàdé Hector. Ajá náà á máa lé kẹ̀kẹ́, á máa da àwọn ọmọ kéékèèké jọ sí igun pálọ̀, á lúgọ ti ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń yí. Àwọn ará ilé á ní orí rẹ̀ kò pé. Orí rẹ̀ pé dáadáa. Ohun tí àwọn èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣà sínú ẹ̀jẹ̀ ìran rẹ̀ ló ń ṣe, wọ́n sì nídìí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ìdí àkọ́kọ́ ni ìkookò, tàbí ká kúkú sọ pé àìsí ìkookò. Ní 1570, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ John Caius tẹ ìwé jáde lédè Látìnì lórí àwọn ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ajá olùṣọ́ àgùntàn kì í tóbi, torí kò sí ìkookò mọ́ tó máa bá jà. Ó ní bí ọ̀gá bá pè é tàbí tó súfèé, ajá náà á kó àwọn àgùntàn tó ṣáko wá síbi tí ọ̀gá fẹ́ gan-an. Lórí òkè Pyrenees àti ní Abruzzo nílẹ̀ Ítálì, níbi tí ìkookò ṣì wà, ajá funfun gìrìwò ni wọ́n ń sìn, tó ń gbé láàárín agbo tọ̀sán-tòru, tí kì í da ẹran rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, ọ̀tá ti tán. Ohun tó kù ni òkè gbalasa, àgùntàn tó mọ ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí, àti olùṣọ́ tó ní ẹsẹ̀ méjì péré.

Owó ni ìdí kejì. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Melrose, ní apá Scotland tó bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààlà, ti ń ta irun àgùntàn fún àwọn oníṣòwò Flanders láti ọ̀rúndún kejìlá lọ sókè. Nígbà tó di ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn onílẹ̀ ní àríwá Scotland rí i pé àgùntàn ń pawó wọlé ju ayálégbé lọ. Wọ́n lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n sì kó àgùntàn Cheviot wá rọ́pò wọn. Ní 1792, àwọn ará Ross da ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgùntàn jọ, wọ́n fẹ́ lé wọn padà sí gúúsù. Sójà ni wọ́n fi tú wọn ká. Wọ́n ṣì ń pe ọdún náà ní Ọdún Àgùntàn. Níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń dáko tẹ́lẹ̀, olùṣọ́ tó ti ìhà ààlà wá, pẹ̀lú ajá rẹ̀, ló wá kù. Ẹni tó bá ń yin ajá yìí pé ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, kó rántí pé àwọn èèyàn náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ará Scotland tó ṣí lọ sókè òkun mú ajá yìí dání. Ní Ọsirélíà, ara àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ti bí ìran tí wọ́n ń pè ní Kelpie, láti nǹkan bí 1872. Ní New Zealand, olè ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1855, wọ́n mú James Mackenzie, darandaran ará Scotland, pẹ̀lú àgùntàn 1,000 tó jẹ́ ti oko ńlá kan tó ń jẹ́ Levels. Ìtàn tí àwọn èèyàn ń sọ ni pé ajá rẹ̀ ló ń da gbogbo ẹran ọ̀hún láìgbó. Wọ́n rán Mackenzie lẹ́wọ̀n, wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àgbègbè tí wọ́n ti mú un sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ère ajá tí wọ́n fi idẹ ṣe wà létí adágún Tekapo níbẹ̀ láti 1968, fún ìyìn gbogbo ajá tó bá wọn tẹ ilẹ̀ náà dó. Ère olè kò sí létí adágún ọ̀hún.

Títí di àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó ń kọ ìran ajá olùṣọ́ àgùntàn sílẹ̀. Èyí tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n á fi gun ti aládùúgbò. Èyí tí kò wúlò, kò ní í pẹ́ láyé. Ìdíje ló yí èyí padà. Ní 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1873, R. J. Lloyd Price, onílẹ̀ ńlá kan ní Bala ní Wales, pe àwọn olùṣọ́ àgùntàn wá síta gbangba kí ajá wọn wá fi ohun tí wọ́n mọ̀ hàn. Ajá 10 ló jáde, nǹkan bí 300 èèyàn ló wá wòran. Ilé àwọn ará Wales ni, àmọ́ Thomson, ará Scotland tó ń gbé láàárín wọn, ló gba ipò kìíní pẹ̀lú Tweed, ajá kékeré aláwọ̀ dúdú àti pupa rẹ́súrẹ́sú. Láàárín ọdún díẹ̀, ìdíje ti tàn dé Scotland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí èèyàn bá wá ń wo ajá láti ìta ọgbà, tí adájọ́ ń yọ máàkì, ajá tó ń gbó, tó ń já lu àgùntàn, kò ní í dára lójú. Ẹni tó mú èyí tó dákẹ́ jáde ni Adam Telfer, àgbẹ̀ kan ní Northumberland. Ó ní akọ kan tó ń jẹ́ Roy, onínúure tí ara rẹ̀ balẹ̀, àmọ́ tí kò le púpọ̀ lórí iṣẹ́. Ó tún ní abo kan, Meg, dúdú kirikiri, onítìjú, tí ojú rẹ̀ le débi pé tó bá tẹjú mọ́ àgùntàn tán, òun fúnra rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mira mọ́. Telfer so wọ́n pọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1893, wọ́n bí Hemp.

Hemp kì í gbó, kì í já ẹran jẹ. Àwọn tó rí i sọ pé ara rẹ̀ máa ń gbọ̀n lórí iṣẹ́, àmọ́ tí àgùntàn bá ti rí i, ńṣe ni wọ́n á yí padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìsí pé ó fipá mú wọn. Kò lò ju ọdún 8 lọ láyé; 1901 ló kú. Kó tó kú, gbogbo olùṣọ́ tó gbọ́ nípa rẹ̀ ti ń mú abo wá, àwọn ọmọ tó bí sì lé ní 200. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ojúlówó Border Collie tó wà lónìí ni a lè tọ ìran rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Hemp.

Ohun tó wà nínú ojú líle yẹn, ọdẹ ni. Ìkookò tó fẹ́ pa ẹran á kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ọn, á lúgọ, á yọ́ sún mọ́ ọn, á lé e, á gbá a mú, á pa á. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn fi àwọn ìpele àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ajá, wọ́n tiẹ̀ mú wọn lágbára sí i. Èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń ṣà dànù láti ìran dé ìran. Ọdẹ tí kò gbọdọ̀ pa ẹran ló kù. Kì í ṣe ohun kékeré láti gbé nínú ilé.

Ní 1906, àwọn olùṣọ́ àgùntàn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà pàdé ní Haddington, wọ́n dá ẹgbẹ́ International Sheep Dog Society sílẹ̀. James Reid, agbẹjọ́rò ará Airdrie, di akọ̀wé rẹ̀ nígbà tó yá, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ títí di 1946. Nǹkan bí 1915 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Border Collie ya àwọn ajá iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan pé báyìí ni etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe rí tàbí pé báyìí ni àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí. Iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń wò.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń bá ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ gbé? Ẹni tó bá retí pé olùṣọ́ àgùntàn máa sọ pé kí wọ́n máa sáré pa á títí á fi rẹ̀ ẹ́, ó máa yà á lẹ́nu. Wọn kì í kánjú rárá. Láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ kò ju kó mọ orúkọ rẹ̀, kó wá tí wọ́n bá pè é, kó sì dùbúlẹ̀ tí wọ́n bá ní kó dùbúlẹ̀. Àwọn ọdẹ tiwa ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lórí òkè Scotland, ajá tí kò gbọ́ ìfé lè lé odidi agbo já sí ọ̀gbun. Wọn kì í sì í jẹ́ kó dá wà pẹ̀lú àgùntàn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yá ju tiwọn lọ, torí ajá tó ń sá tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láìlè yí wọn ká kò kọ́ ju ìwà lílé lọ.

Nǹkan bí oṣù 8 sí ọdún kan ni ọjọ́ náà máa ń dé. Pápá kékeré, àgùntàn mélòó kan tí ajá kì í bà lẹ́rù, okùn gígùn lọ́rùn ọmọ ajá. Ìrù ni olùkọ́ kọ́kọ́ ń wò. Tí ìrù bá ṣì wà lókè, eré lọmọ náà ń ṣe, wọ́n á mú un padà sílé. Lọ́jọ́ kan ṣá, á rí àgùntàn, ìrù á wálẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, orí á sọ̀ kalẹ̀ ju ejìká lọ, á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ẹsẹ̀ ọ̀hún á sì dúró lófuurufú. Lẹ́yìn náà, á yí àwọn àgùntàn ká lọ sí òdìkejì, débi tí wọ́n á fi wà láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀ yìí ni olùkọ́ ń fi ọ̀rọ̀ lé lórí. Tí ọ̀gá bá gbẹ́sẹ̀ sọ́tùn-ún, ajá á sún kí ó lè kọjú sí i. Bí ó bá ti ń lọ ni ọ̀gá á sọ pé "Come by" tó bá ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, tàbí "Away to me" tó bá gba òdìkejì. Ọ̀rọ̀ á máa tẹ̀ lé ìṣe, títí ìṣe á fi máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ìfé á wá gba ipò ohùn, torí ó ń dún dé ibi tí ohùn kò dé. Kíkó ẹran wá rọrùn fún un. Lílé wọn lọ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá lòdì sí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń kẹ́yìn. Èyí tó ṣòro jù fún ọmọ ajá tí ara rẹ̀ gbóná ni "That'll do": iṣẹ́ ti parí, fi wọ́n sílẹ̀, máa bọ̀. Ajá tó bá ti mọ èyí á lọ dùbúlẹ̀ sínú abà, á sùn títí ọjọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún un látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èyí tí kì í ṣe ju kó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ le sí i.

Àṣekágbá ìdíje àgbáyé ti ẹgbẹ́ náà fi bí wọ́n ṣe fẹ́ kó parí hàn. Àgùntàn 10 wà lókèèrè, ajá á kó wọn wá. Á fi wọ́n sílẹ̀, á yíjú padà, á lọ wá 10 mìíràn tí kò tiẹ̀ rí. Nínú 20 yẹn, òun àti ọ̀gá rẹ̀ á yọ 5 tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn, wọ́n á sì kó wọn wọ ọgbà. Ní Cardiff lọ́dún 1965, Wiston Cap, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, ló gbégbá orókè pẹ̀lú Jock Richardson. Gbogbo ayé tún mú abo wá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún Hemp, àwòrán Wiston Cap sì wà lára àmì ẹgbẹ́ náà.

Àwọn olùṣọ́ àgùntàn ti rí ohun tí ẹwà lè ṣe. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria fẹ́ràn àwọn ajá Scotland, tó ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Sharp, àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sin collie onírun gígùn fún ìfihàn. Irun gùn sí i, imú gùn sí i, iṣẹ́ pòórá. Ìdí nìyẹn tí inú ọ̀pọ̀ olùṣọ́ àgùntàn kò fi dùn nígbà tí Kennel Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ajá hàn ní Ìlú Ọba, gba Border Collie wọlé ní 1976, tí ẹgbẹ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1995 lójú àtakò àwọn tó ń sin ajá iṣẹ́. Ọdún 1976 yẹn náà ni BBC bẹ̀rẹ̀ ètò One Man and His Dog. Nígbà tó gbóná jù, àwọn tó ń wò ó tó mílíọ̀nù 8. Wọ́n rí òkè tútù, ìfé, ajá tó ń dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọn ò rí ọdún kan àbọ̀ tó ṣáájú ìfé náà, ọ̀pọ̀ sì lọ ra ọmọ ajá sínú ilé tí kò ní ọgbà. Àwọn ilé tó ń gba ajá tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba mọ ìyókù.

Àwọn kan wá nǹkan mìíràn fi dípò àgùntàn. Ní 1978, wọ́n fi eré fífo igi fún ajá hàn ní Crufts, ìfihàn ajá ńlá ní Ìlú Ọba. Border Collie ló gba eré náà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Ní Spartanburg, ní South Carolina, John Pilley, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ pé ajá wọn mọ àgùntàn kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kò sì kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ní 2004 ló mú Chaser wálé ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́, fún ọdún mẹ́ta, ló fi ń kọ́ ọ ní orúkọ àwọn ohun ìṣeré. Iye tó mọ̀ dé 1,022, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Àwọn ìwé ìròyìn kún fún ọgbọ́n Chaser. Wákàtí tí bàbá arúgbó náà lò ni ẹni tó ń sin ọmọ ajá yìí ìbá kọ́kọ́ kà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, lásìkò tí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ọjà pé, ilé iṣẹ́ kan ní Dolgellau ní Wales ta abo kan tó ń jẹ́ Kim lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 27,100 pọ́n-ùn, iye tí ajá olùṣọ́ àgùntàn kankan kò tíì tà dé títí di ọjọ́ náà. Nǹkan bí ọmọ ọdún kan ni. Fídíò ni àwọn tó ń du ú wò kí wọ́n tó dá owó lé e: bó ṣe ń yí ẹran ká, àti bó ṣe ń dúró nígbà tí wọ́n ní kó dúró.